Hannah Kilham: Opó Tí Ó Kó Ọ̀rọ̀ Ẹnu Wa Sínú Ìwé

Nígbàkígbà tí a bá ń dárúkọ àwọn tí Ọlọ́run lò láti gbin ìgbàgbọ́ sí ilẹ̀ wa, orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó dárúkọ Henry Townsend, àti David Hinderer pẹ̀lú Anna aya rẹ̀. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó tẹ ìwé kan jáde ní èdè wa, obìnrin opó kan ti jókòó ti àwọn ará wa tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó ti bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́. Ó ti kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Hannah Kilham ni orúkọ obìnrin náà. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Yorùbá rí, kò dé ilẹ̀ Ìgbò, kò sì dé òkè Ọya. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ibẹ̀ wà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1828.

A kọ ìtàn ayé rẹ̀ yìí fún gbogbo ẹ̀ka ìjọ wa, ti ilé àti ti ìdálẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ikú dé kò tíì parí láàárín wa títí di òní yìí.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ọdún 1774 ni a bí Hannah sí ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí a mọ̀ káàkiri nítorí ọ̀bẹ àti irinṣẹ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ń rọ. Ọmọ keje ni ó jẹ́ fún Peter Spurr àti aya rẹ̀, àwọn oníṣòwò tí wọ́n níyì láàárín ìlú. Inú Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á láàyè láti máa jí lọ gbọ́ ìwàásù àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí John Wesley ṣì wà láyé.

Ọmọ ọdún méjìlá péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, baba rẹ̀ tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni Hannah di ọmọ òrukàn. Wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Chesterfield, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbé pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Nígbà tí ó di ẹni ogún ọdún, ó fi orúkọ sílẹ̀ láàárín àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ó sì di ọmọ ẹ̀yìn tí kì í fi ọ̀rọ̀ Olúwa ṣeré.

OṢÙ MẸ́JỌ NÍLÉ ỌKỌ

Ní oṣù kẹrin ọdún 1798 ni ó fẹ́ Alexander Kilham, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí aya rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú. Àwa tí a wà nínú ìjọ ìbílẹ̀ yóò fẹ́ mọ ẹni tí ọkùnrin yìí í ṣe. Oníwàásù ni láàárín àwọn Mẹ́tọ́díìsì, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé ó yẹ kí àwọn ọmọ ìjọ ní ohùn nínú ìṣàkóso ìjọ, kí ó má ṣe jẹ́ àwọn oníwàásù nìkan ni yóò máa pàṣẹ. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni Àpéjọ wọn ṣe yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ ní ọdún 1796. Ní ọdún 1797, òun àti àwọn tí wọ́n gbà pẹ̀lú rẹ̀ dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì mìíràn sílẹ̀. Ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀, ilé ẹni tí àwọn àgbà ìjọ ti kọ̀, ni Hannah wọ̀.

Ikú kò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ pọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà ni Alexander Kilham kú ní Nottingham. Oṣù mẹ́jọ péré ni wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya. Hannah di opó ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, pẹ̀lú oyún nínú. Sarah, ọmọ tí ọkọ rẹ̀ ti bí tẹ́lẹ̀, sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó bí lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ kò pẹ́ láyé.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti jókòó sínú ilé ọ̀fọ̀ rí mọ bí ẹrù yìí ti wúwo tó. Obìnrin yìí kò jẹ́ kí ó tẹ òun rì. Ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ sí Nottingham kí ó lè rí oúnjẹ òòjọ́, ó sì tọ́ Sarah bí ẹni pé inú òun ni ó ti jáde. Nígbà ìsinmi a máa lọ sí Epworth, ìlú ọkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti bá àwọn ará Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀rẹ́ pàdé, àwọn tí ayé ń pè ní Quaker. Ní ọdún 1803 ó di ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí a máa dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú Ọlọ́run nínú ìsìn wọn; wọn kì í pa obìnrin lẹ́nu mọ́ bí Ẹ̀mí bá fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu; wọ́n sì kórìíra òwò ẹrú gidigidi. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni yóò hàn nínú ayé rẹ̀ títí dé òpin.

ÌWÉ FÚN ÀWỌN ALÁÌNÍ

Hannah padà sí Sheffield, ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ìgbé ayé àwọn tálákà sunwọ̀n. Bí ó ti ń wọ ilé wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí i pé ẹni tí kò lè kàwé kò lè dá Ìwé Mímọ́ ṣí fúnra rẹ̀. Nítorí náà ó mú kálàmù. Láàárín ọdún 1817 àti 1818 ó tẹ ìwé kéékèèké mélòó kan jáde: ọ̀kan jẹ́ àyọkà láti inú Bíbélì, ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n fún agbo ilé, ọ̀kan jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè, ọ̀kan sì jẹ́ ìwé fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń pe lẹ́tà. Kì í ṣe ìwé ńlá tí àwọn ọ̀mọ̀wé yóò máa fi ṣe iyì. Ìwé tí ọmọ alágbẹ̀dẹ lè gbé dání ni.

ÀWỌN ATUKỌ̀ MÉJÌ LÁTI ILẸ̀ ADÚLÁWỌ̀

Ní àkókò yìí ni ọkàn rẹ̀ yí sí ilẹ̀ wa. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807. Ọkọ̀ ogun wọn ń lé àwọn ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Àwọn míṣọ́nárì ti ń kọ́ wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti inú ọkọ̀ ẹrú yóò máa sọ ọ̀rọ̀ Òyìnbó tẹ̀lé olùkọ́ rẹ̀ bí odídẹrẹ́, láìmọ ohun tí ó ń sọ. Hannah Kilham rí i pé èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ó gbà pé inú èdè tí ọmọ fi ń pe ìyá rẹ̀ ni ó yẹ kí á ti kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Bí ó bá ti mọ ìwé ní èdè rẹ̀, yóò gba ti Gẹ̀ẹ́sì kún un láìsí wàhálà. Láti ìgbà náà ni ó ti mú un ní iṣẹ́ láti kọ àwọn èdè tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀.

Báwo ni obìnrin tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣe kọ́ èdè ilẹ̀ Adúláwọ̀? Ó wá àwọn tí ó ń sọ ọ́ kàn. Atukọ̀ méjì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Sandanee àti Mahmadee, tí wọ́n ń sọ èdè Wolof. Àwọn Ọ̀rẹ́ gbà wọ́n sí ìtọ́jú, Hannah sì di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ẹ kíyè sí èyí dáradára, ẹ̀yin ará. Òyìnbó ni, olùkọ́ ni, òǹkọ̀wé ni. Síbẹ̀ ó jókòó sí ẹsẹ̀ àwọn atukọ̀ méjì, ó ní kí wọ́n kọ́ òun. Ní ọdún 1820, ìwé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní èdè Wolof jáde. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ní ọdún 1823 ó tẹ òmíràn, Wolof àti Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

ÌRÌN ÀJÒ ÀKỌ́KỌ́

Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀rẹ́ kì í rán míṣọ́nárì nígbà náà gẹ́gẹ́ bí àwọn ìjọ mìíràn ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn yan ìgbìmọ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1823 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Gáńbíà pẹ̀lú Richard Smith, John Thompson, Ann Thompson, àti Sandanee pẹ̀lú Mahmadee. Wọ́n gúnlẹ̀ sí erékùṣù St Mary, níbi tí ìlú tí à ń pè ní Banjul lónìí wà. Ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ó sì fi ìwé tí ó ti tẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Láti ibẹ̀ ó lọ wo Sàró pẹ̀lú.

Ilẹ̀ etíkun kò rọ àwọn àlejò lọ́rùn ní ayé ìgbà náà, nítorí pé kò sẹ́ni tí ó tíì mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri. Ikú pa nínú àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ lọ, iṣẹ́ Gáńbíà sì dẹ̀gbẹrẹ. Ní ọdún 1824 Hannah padà sílé láti jíhìn fún ìgbìmọ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Òun lọ ṣiṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ láàárín àwọn tálákà ní ilẹ̀ Ireland fún oṣù díẹ̀, ó sì tún ń múra sílẹ̀. Ó tẹ ìwé ẹ̀kọ́ ní èdè Màńdíńgò àti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tẹ àwọn ìwé pélébé fún ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Adúláwọ̀.

ỌGBỌ̀N ÈDÈ NÍNÚ ÌWÉ KAN

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1827 ó tún wọ ọkọ̀, ó di Freetown. Ìgbà náà ni ogun ń run ilẹ̀ Ọ̀yọ́, Òwu àti Ẹ̀gbá, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn wa lọ sí etíkun láti tà. Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà nínú wọn ń pọ̀ sí i ní Sàró lọ́dọọdún. Àkú ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Ìlú kan ṣoṣo ni Freetown àti àwọn abúlé rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn láti ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí Èṣù fi ògún-ẹrú fọ́n ká ni Ọlọ́run kó jọ sí ojú kan, kí obìnrin yìí lè rí wọn bá sọ̀rọ̀.

Láàárín oṣù díẹ̀ ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn, láti abúlé dé abúlé, ó ń béèrè, ó ń tẹ́tí, ó ń kọ. Kò sí ìwé tí ó lè wò, kò sí ẹni tí ó ti la ọ̀nà náà níwájú rẹ̀ ní púpọ̀ nínú àwọn èdè wọ̀nyí. Ìwé tí ó ti inú iṣẹ́ yìí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1828 ní àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ láti inú nǹkan bí ọgbọ̀n èdè. Èdè Àkú, èyí tí í ṣe Yorùbá, wà níbẹ̀. Èdè Ìgbò, ti Tápà àti ti Haúsá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò ní àmì ohùn tí a fi ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀, ẹni tí ó bá sì fi ojú òní wò ó yóò rí àṣìkọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ la igbó ni ẹ̀gún ń gún, àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò gbálẹ̀ ọ̀nà náà.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jùlọ ni èyí: ní ìgbà tí àwọn ènìyàn ń ka orí àwọn ará wa gẹ́gẹ́ bí ọjà, obìnrin yìí ka ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí ohun tí ó yẹ láti tẹ̀ sínú ìwé. Kò sí ẹni tí yóò wá èdè ẹni tí kò kà sí ènìyàn.

ILÉ Ẹ̀KỌ́ CHARLOTTE ÀTI ÒPIN AYÉ RẸ̀

Ní ọdún 1830 ó tún tẹ ìwé kan jáde láti bẹ àwọn Kristẹni ilẹ̀ rẹ̀ pé ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ó lọ sí Freetown lẹ́ẹ̀kẹta. Gómìnà yọ̀ǹda fún un láti gba ìtọ́jú àwọn ọmọ tí a gbà nínú ọkọ̀ ẹrú, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ńlá sílẹ̀ ní Charlotte, abúlé kan lórí òkè lẹ́bàá Freetown. Àwọn ọmọ Àkú wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni ó wà ní gbogbo ìgbà òjò, tí ó ń fi èdè wọn kọ́ wọn. Ẹ fi ojú inú wo ọmọdébìnrin tí a ti já gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí a ti dè mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí ó sì wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ láti ẹnu obìnrin funfun kan. Bí ohùn Òyìnbó náà kò tilẹ̀ dán mọ́rán, ọmọ náà yóò mọ̀ pé ẹnìkan wá òun dé ibi tí òun wà.

Láti Sàró ó lọ sí Làìbéríà. Ó bẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ Monrovia wò, ó sì ṣètò bí a ó ṣe rán àwọn ọmọ kan lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí òpin oṣù kejì ọdún 1832 ó wọ ọkọ̀ láti padà sí Freetown. Àrá sán lu ọkọ̀ náà lójú òkun, ó sì di dandan kí wọ́n padà sí èbúté Làìbéríà. Wọ́n tún gbéra. Ṣùgbọ́n Hannah Kilham kò dé Charlotte mọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1832 ó sùn nínú Olúwa lójú omi. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni.

ÈSO TÍ Ó TẸ̀LÉ E

Kò fi ọmọ inú rẹ̀ sílẹ̀ láyé. Ṣùgbọ́n Sarah, ọmọ ọkọ rẹ̀ tí ó tọ́, di olùkọ́ ní St Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, òun ni ó sì kó àwọn ìwé ìrántí ìyá yìí jọ, tí ó tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1837. Bí kì í bá ṣe ọmọ tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀ yìí, díẹ̀ ni à bá mọ̀ nípa rẹ̀.

Ní Sàró, iṣẹ́ náà kò dúró. John Raban, míṣọ́nárì Áńgílíkà, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láàárín ọdún 1830 sí 1832. Ní ọdún 1843 ni ti Àjàyí Crowther jáde, ọmọ bíbí èdè náà fúnra rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1844 ni Crowther ṣe ìsìn Ọlọ́run ní èdè Yorùbá ní Freetown, tí àwọn tí a ti kó lẹ́rú gbọ́ ọ̀rọ̀ Olúwa ní èdè baba wọn nínú ilé Ọlọ́run. Ní ọdún 1854, S. W. Koelle tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde, tí ó kó èdè tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún jọ láti ẹnu àwọn ará Sàró kan náà. Ní ọdún 1884, gbogbo Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá. A kò sọ pé Hannah Kilham ni ó ṣe gbogbo ìwọ̀nyí. Ohun tí a ń sọ ni pé ó wà lára àwọn tí ó da omi síwájú, tí àwa fi ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Èkínní, kò sí ipò tí ó pọndandan kí ènìyàn dé kí Ọlọ́run tó lè lò ó. Ọmọ òrukàn ni Hannah, opó ni, ọmọ rẹ̀ kú, ìjọ rẹ̀ kò ní ètò míṣọ́n. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa, ẹ má ṣe rò pé ìgbà tí ilé bá tòrò tán ni iṣẹ́ Olúwa yóò bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, ìwé kékeré kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ìwé pélébé tí ọmọdé ń fi kọ́ A B D ni ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún Bíbélì. Nígbà tí Àpéjọ wa bá jókòó lórí ètò ìnáwó, tí a ń ya owó sọ́tọ̀ fún ilé ìjọsìn àti fún aṣọ àwọn akọrin, kí ilé ìtẹ̀wé má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò máa gba èérún tí ó bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ẹ̀kẹta ni ó ká wa lára jùlọ. Ìjọ wa ti kọjá ilẹ̀ Yorùbá. A ní àwọn ará ní òkè Ọya, ní ìhà ìlà oòrùn, àti ní àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. A sì ń yọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìwé orin wo ni a fi lé wọn lọ́wọ́? Ìwé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wo ni àwọn ọmọ wọn ń kà? Àwọn bàbá wa kọ̀ láti máa jọ́sìn ní èdè tí kì í ṣe tiwọn; ara ìdí tí ìjọ ìbílẹ̀ fi wà nìyẹn. Bí àwa náà bá wá ń fi èdè Yorùbá ṣe ilẹ̀kùn tí ará Tápà tàbí ará Tifí gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Kristi, àjàgà tí a bọ́ kúrò lọ́rùn tiwa ni a gbé lé ẹlòmíràn lọ́rùn yẹn. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, Ẹ̀mí Mímọ́ kò ní kí àwọn àlejò Jerúsálẹ́mù kọ́ èdè Gálílì. Àwọn ará Gálílì ni ó fi èdè àwọn àlejò sí lẹ́nu.

Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn ọmọ tiwa ní àwọn ìlú ńlá, tí wọn kò lè ka Bíbélì ìyá wọn àgbà mọ́. Èdè tí obìnrin kan tìtorí rẹ̀ sọdá òkun lẹ́ẹ̀mẹta, kò yẹ kí ó kú lẹ́nu wa nítorí ìtìjú.

Kí olúkúlùkù ẹ̀ka ìjọ, kí Àpéjọ tí ó ń bọ̀ tó pé, wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n gbọ́ èdè ibi tí wọ́n wà dáadáa, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti kọ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè náà. Bí ó jẹ́ ojú ewé mẹ́rin péré, kí wọ́n mú un wá. Atukọ̀ méjì àti opó kan ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ àjèjì. Àwa tí a pọ̀ tó báyìí kò ní àwíjàre.

Kí Ọlọ́run tí ó gbọ́ gbogbo èdè fi oore-ọ̀fẹ́ fún wa láti ṣe é. Àmín.